Ẹni Tó Bọ́ Bàtà Kó Tó Pànìyàn

Malmträsk, Sweden
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1983

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o, ẹ kú àìrí oòrùn, ẹ kú ìtọ́jú màlúù. Ṣé igi ìdáná ṣì pọ̀ nílẹ̀? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹ má bínú pé láti Kérésìmesì ni ẹ ò ti gbúròó mi. Iṣẹ́ ló gbé mi mì.

Wọ́n pa Kallunki, fọ́máànù ilé ìlagi tó wà níbí, ọmọ Finland bíi tiwa. Èmi nìkan ni ọlọ́pàá tó gbọ́ èdè wa nínú ìlú yìí, èmi náà ni Bergvall ọ̀gá wa kọ́kọ́ pè. Nínú kíṣìnì ni wọ́n ti fi àáké ṣá ọkùnrin náà, wọ́n sì ṣá a bí ẹni tó ń la igi tí yóò fi yáná. Orí là sí méjì. Ọwọ́ ọ̀tún wà lábẹ́ tábìlì lọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta dé ara iná tó so mọ́ àjà, kọfí sì wà lórí ààrò tó ń hó.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ gbogbo èyí nìyí: apànìyàn náà bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ìbọ̀sẹ̀ ló fi rìn nínú ẹ̀jẹ̀ láti kíṣìnì padà sẹ́nu ọ̀nà. Níbẹ̀ ló ti wọ bàtà òkú lọ, tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, ó sì tò ó pọ̀ dáadáa.

Gunvor, ìyàwó Kallunki, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọlọ́pàá, àná ni mo kun ilẹ̀ yẹn." Màmá, gbogbo wa la bẹ̀rẹ̀ tá a ń tú okùn bàtà, Bergvall pàápàá, a sì fi ìbọ̀sẹ̀ lọ bá òkú. Nígbà tí a ń jáde, Hjalmar, ẹlẹgbẹ́ mi kan tó sanra tí kì í wo ibi tó ń tẹ̀, ki ẹsẹ̀ bọ bàtà apànìyàn, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sílé. Bàtà Hjalmar la wá fi ránṣẹ́ sílé àyẹ̀wò ní olú-ìlú.

Wọ́n dá wa lóhùn pé ẹni tá à ń wá tóbi, ó ní ajá, ara rẹ̀ sì ń rùn bí ẹja. A lọ gbé Lundmark ẹlẹ́ja. Hjalmar fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tó yọ eyín iwájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Hjalmar jókòó tá à ń mu kọfí, ó ń ráhùn pé, "Òtútù ti mú kí bàtà mi súnkì. Àkísà kan tiẹ̀ wà níwájú ti òsì, mo ti jù ú nù." Bergvall wo abẹ́ tábìlì. Ó ní, "Hjalmar, bọ́ bàtà apànìyàn yẹn lẹ́sẹ̀." A tú Lundmark sílẹ̀, a fi eyín rẹ̀ sínú àpòòwé fún un.

Mi ò tíì ráyè lọ wo Oiva àbúrò mi. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé.

Èmi ọmọ yín,
Tauno


Kuivakoski, Finland
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ṣẹ́rẹ́

Tauno ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kí lára rẹ̀. Ara mi le. Orúnkún kò le, ṣùgbọ́n èmi àti òun ti mọ ara wa. Ta ní ń kọ irú lẹ́tà yẹn sí ìyá rẹ̀? Ọbẹ̀ ẹja ni mo ń jẹ nígbà tí mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi ọwọ́ abẹ́ tábìlì, mo gbé abọ́ fún ajá.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún ọ. Ẹni tó bí apànìyàn yẹn gbìyànjú. O lè rẹ́rìn-ín. Ìwà burúkú lè bá ọmọ ẹni níta, àmọ́ ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó fẹ́ pa, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, òun náà sì gbọ́. Ìwọ ńkọ́? Títí o fi hu irùngbọ̀n ni o ń fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ilẹ̀ mi. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, Oiva nìkan ni mi ò pariwo lé lórí rí torí bàtà.

Tí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Àbúrò rẹ ò kọ̀wé. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló máa gbé ọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìwọ sì ń sọ pé o ò ráyè. O ráyè fún òkú, o ò ráyè fún alààyè. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, mo sì fi ìbọ̀sẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí i kí ọdún tó yí. Lọ wò ó, kí o kọ̀wé sí mi pé o rí i. Má pè mí sórí tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ o. Impi tó ń jókòó níbẹ̀ a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ju ẹni tí wọ́n pè lọ.

Ìyá rẹ,
Hilja


Malmträsk
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Èrèlé

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo gbọ́ ìbáwí yín, mo sì gbà á. Mo fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Oiva lọ́sẹ̀ tó kọjá, àmọ́ apànìyàn yín tó ní ẹ̀kọ́ ilé yẹn ti pa ẹlòmíràn.

Harju ni, ọ̀rẹ́ Kallunki. Inú ahéré tó fi ń pẹja lórí adágún dídì ni wọ́n ti pa á. Ẹ mọ irin tá a fi ń lu ihò sínú yìnyín. Òun ni wọ́n yí wọ ikùn rẹ̀, tí wọ́n yí i títí ó fi kan yìnyín lódìkejì. Màmá, gbangba adágún ni! Ahéré tí kò ju ilé ìyàgbẹ́ lọ, ẹní ògbólógbòó kan ló wà nílẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó bọ́ bàtà síta, nínú òtútù tó ń fa awọ etí ya. Bàtà Kallunki la bá níbẹ̀, ó tò ó pọ̀. Bàtà Harju ló wọ̀ lọ.

Bergvall ń wọn ojú ẹsẹ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó fi ẹsẹ̀ jìn sínú ihò ẹja dé itan. A fà á jáde, ó ní iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró. Nígbà tó máa fi parí, ṣòkòtò rẹ̀ ti dì gan-an bíi pákó, kò lè jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ la tẹ́ ẹ sí, ẹ̀gbẹ́ Harju. Hjalmar ní ká kọ orúkọ sí wọn lára kí wọ́n má bàa gbé Bergvall wọ yàrá òkú.

Mo ní ìbéèrè kan, torí kò sí ẹni tí mo mọ̀ tó mọ ìbọ̀sẹ̀ tó yín. Ẹ̀jẹ̀ náà dì pẹ̀lú ojú ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, gbogbo ìhun ìbọ̀sẹ̀ hàn ketekete. Ti òsì kúrú ju ti ọ̀tún lọ ní bí ìbú ìka mẹ́ta. Bergvall ní ìka ẹsẹ̀ ló fi rìn. Hjalmar ní ìyàwó apànìyàn náà ló fi omi gbígbóná fọ ọ̀kan, ó sì súnkì. Kí ni yóò mú kí obìnrin tó mọ iṣẹ́ hun òsì kúrú?

Ẹ dá mi lóhùn kíá.

Tauno


Kuivakoski
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Èrèlé

Tauno,

Ara mi le. Màlúù dúdú bí abo. Òtútù mú gan-an. Ọmọ Aune tó wà lódìkejì odò ti gbéyàwó, ìyàwó náà ga jù ú lọ.

Mo rò pé kí o fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ kí o máa bọ̀ nílé. Ilẹ̀ bàbá rẹ wà níbí tí ẹnikẹ́ni kò ro. Kò sí ohun rere nínú iṣẹ́ kí ènìyàn máa wo ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.

Ìyá rẹ


Malmträsk
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Èrèlé

Màmá,

Mo kí yín. Mo bi yín ní ìbéèrè nípa ìbọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kí n retí títí, ẹ wá fi màlúù dá mi lóhùn. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ tó bá ń jẹ yín lọ́kàn ni ẹ kì í sọ.

Ní Sátidé tó kọjá, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn Hjalmar. Ó ṣí i, ó rí ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ tó ń bọ́ bàtà. Hjalmar rò pé àlejò ìyàwó òun ni, ó ní, "Wọlé, kọfí wà nílẹ̀." Òòlù lọkùnrin náà fi kí i. Ó fọ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó já etí rẹ̀ kan, ó sì ń lu orúnkún rẹ̀ méjèèjì nígbà tí àwọn aládùúgbò pariwo. Ó wọ bàtà Hjalmar, ó lọ. Hjalmar ò lè sọ̀rọ̀. Ìwé ló kọ fún wa lórí bẹ́ẹ̀dì: "Ó ń sọ èdè wa bí ará ìlú Tauno. Ó ń tiro. Ó ní kí n má bínú sí bí ilẹ̀ mi ṣe rí." Bergvall ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn léraléra. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun kò tíì rí ọ̀daràn tí òun yóò fẹ́ kó wá máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun bí eléyìí.

Mo rẹ́rìn-ín, Màmá. Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni ẹ̀rù bà mí.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi tí Oiva ń gbé. Kò sí nílé. Obìnrin tó ni ilé ní ó ti jáde láti ọjọ́ Sátidé yẹn, kò sì wí ibi tó ń lọ. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wà lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ní ìlà pupa lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń hun ún. Mo gbé ọ̀kan lé èkejì. Òsì kúrú.

Kí ló ṣe ẹsẹ̀ àbúrò mi? Ẹ dá mi lóhùn. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń bi yín, ọmọ yín ni.

Tauno


Kuivakoski
Ọjọ́ kẹrin oṣù Ẹrẹ́nà

Tauno ọmọ mi,

O ní kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń bi mí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, sun ìwé yìí tí o bá kà á tán.

Ní òtútù èṣí, Oiva lọ mutí nílé Kallunki. Harju wà níbẹ̀, Hjalmar rẹ náà wà níbẹ̀ láìwọ aṣọ iṣẹ́. Oiva na Kallunki nínú ayò káàdì, ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. O mọ ẹnu rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé e jù síta pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbé bàtà rẹ̀ sójú fèrèsé, wọ́n ń fi í jó fún un, Hjalmar ló ń jó èyí tó dùn jù. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ àwọn alágbàṣe níbi tó ń gbé nígbà náà. Fìlà kan ṣoṣo ló ní, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi wé. Ìka márààrún ẹsẹ̀ òsì ni dókítà gé.

Ó mú mi búra pé n kò ní sọ fún ọ. Ó ní, "Ẹlẹgbẹ́ Tauno ni Hjalmar. Tauno á ní kí n gbàgbé ẹ̀." Mo ní kó dárí jì wọ́n. Ó ní ó ti dárí jì wọ́n, mo sì gbà á gbọ́, àṣé ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú ni, ó ń tutọ́ funfun sí mi. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Hjalmar wọ bàtà ọmọ mi lọ sílé, ó ju àkísà tó fi dí àyè ìka rẹ̀ nù, kò sì rántí ohunkóhun!

Oiva wà níbí. Orí odò dídì tó wà ní ààlà Sweden àti Finland ló gbà kọjá. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́ bàtà ńlá kan tí kì í ṣe tirẹ̀, ó tò ó pọ̀, lẹ́yìn náà ló tó kí mi. Ó jẹ ọ̀dùnkún àti ẹja oníyọ̀, ó fọ abọ́ rẹ̀. Mo ní, "Oiva, ṣé ìwọ ni?" Ó ní, "Èmi ni, Màmá. Ó ku Hjalmar tí mi ò parí." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ torí òjò. Tauno, ọmọ mi ni, ó sì bà mí lẹ́rù. Mo ti gbé àáké pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Mo mọ ohun tó ṣe. Ó pa ènìyàn méjì bí ẹran. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra, èwo lo fẹ́ kí n gé nínú ọwọ́ mi méjèèjì? Ìwọ nìkan ni kó wá. Má mú ìbọn. Má mú ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ìwọ ló sọ fún un, ó lè tẹ̀ lé ọ.

Màmá rẹ


Malmträsk
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Ẹrẹ́nà

Màmá mi,

Mo kà á. Mo sun ún.

Mo lọ sílé ìwòsàn. Mo dúró lórí Hjalmar, mo ní, "Ṣé o rántí bàtà tí o fi jó lójú fèrèsé?" Ó wò mí. Ó pẹ́ kó tó yé e, ìgbà tó yé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún gba inú báńdéèjì. Mo fi ìka mi tẹ àgbọ̀n rẹ̀ níbi tó fọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí nọ́ọ̀sì fi dé. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ mọ irú ọmọ tí ẹ bí, àwa méjèèjì nìyẹn.

Ẹ má bínú sí mi. Mo ti sọ fún Bergvall. Ó ti fẹ́ kọ sínú gbogbo ìwé ìròyìn pé Oiva léwu, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i yìnbọn. Mo ní Oiva kò ní ìbọn, mo ní ilé yín ló wà. Ó búra fún mi pé àwọn ọlọ́pàá àgbègbè yín ni yóò wá mú un ní pẹ̀lẹ́, àwọn tí wọ́n mọ̀ yín. Mi ò láṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni lódìkejì odò. Èmi náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo fẹ́ kó wà láàyè, Màmá. Nínú ẹ̀wọ̀n, n ó lè lọ wò ó. Mo ṣèlérí pé n ó ráyè.

Mi ò lè pe ilé ìfìwéránṣẹ́ torí Impi. Ẹ sọ fún Oiva kó jókòó sínú ilé. Ẹ má jẹ́ kó sá. Ẹ má jẹ́ kó mú ohunkóhun dání.

Tauno


Kuivakoski
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Ẹrẹ́nà

Tauno,

Ìwé rẹ dé lónìí. Wọ́n dé ṣáájú rẹ̀, lánàá.

Àwọn mẹ́ta ni, àti ajá kan. Vilho ni olórí wọn, ọmọ alágbẹ̀dẹ, èyí tí mo máa ń fún ní búrẹ́dì nígbà tó wà ní kékeré. Oiva wà nínú ilé ìwẹ̀ gbígbóná lẹ́yìnkùlé. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé bí ó bá gbọ́ ajá, kó gba ẹ̀yìn jáde, kó forí lé odò. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ìbọn lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Vilho, ṣé bí ìyá rẹ ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ mi ni." Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ sọ ọ́ ni. Mo mọ irú ènìyàn tá a jẹ́.

Vilho ní, "Ẹ má bínú, Màmá Hilja." Wọ́n so ajá mọ́ òpó, wọ́n fi ìbọn há abíyá, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń tú okùn. Mo ń ka okùn náà lọ́kàn mi, mo ń sọ pé sá, ọmọ mi, sá. Wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ wọlé, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé àáké. Ìgbà yẹn lọ̀kan rí i láti ojú fèrèsé tó ń sáré lọ nínú yìnyín, ṣòkòtò nìkan ló wọ̀, kò wọ bàtà. Wọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tú jáde pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ wọn. Wọn ò jìnnà. O mọ òtútù ibí. Ọ̀kan ṣubú, ó di ẹsẹ̀ mú, ó ń ké bí ọmọdé.

Oiva ti dé etí odò. Tauno, ó ti dé ibẹ̀. Ó gbọ́ igbe náà, ó dúró, ó yíjú padà. Ó wo ẹsẹ̀ wọn. Mo ń pariwo pé kó máa lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀ yí wá sí iwájú ilé, ó kó bàtà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ àyà, ó sì ń tiro bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó ń kígbe pé, "Ẹ wọ bàtà yín, ẹ̀yin òpònú! Ẹ ó pàdánù ìka yín!"

Ohun dúdú ni Vilho rí láyà rẹ̀. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan bà á lọ́rùn. Ó ṣubú lé bàtà náà lórí, kò sì tètè kú. Mo di ọrùn rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka mi jáde, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì pé òun da nǹkan sílẹ̀. Nígbà tó kú tán, wọ́n fa bàtà jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún inú ti Vilho. Ó da ẹ̀jẹ̀ náà nù sórí yìnyín, ó wọ̀ ọ́, ó ń sunkún, torí kò ní òmíràn tó máa wọ̀ lọ sílé.

O sọ fún wọn. Mi ò ní bá ọ jà. Èmi ni mo ní kí wọ́n bọ́ bàtà. Ká ní mo jẹ́ kí wọ́n fi ẹrẹ̀ wọlé, wọn ì bá sáré bá a, wọn ì bá dè é, wọn ì bá gbé e lọ láàyè. Mo sọ fún ọ nínú ìwé mi àkọ́kọ́ pé ẹni tó bí apànìyàn yẹn gbìyànjú. Mo gbìyànjú. Ohun tí mo kọ́ ọ ló pa á.

Mo ti hun ìbọ̀sẹ̀ tí a ó fi sin ín. Mo hun òsì kúrú, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. A ń dúró dè ọ́. Tí o bá dé, wọ bàtà rẹ wọlé. Mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni mọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi.

Ìyá yín,
Hilja